Éèsì méjì lọ́wọ́ mi, gbogbo tábìlì ń bá mi lọ: báwo lẹ ṣe ń ta á?

Akọ̀wé_Houston (Àbámẹ́ta, 11:20 àárọ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà mí.

Alaalẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni àwa mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án máa ń pàdé nílé ẹ̀gbọ́n wa kan níbí, a ó ta Texas Hold'em, irú pókà tí olúkúlùkù ń gba káàdì méjì sọ́wọ́, tí a sì ń ṣí márùn-ún sílẹ̀ fún gbogbo wa. $1/$2 ni blind, ìyẹn owó dandan tí ẹni méjì ń fi sílẹ̀ kí títa tó bẹ̀rẹ̀, $200 sì ni owó tó pọ̀ jù tí èèyàn lè gbé jókòó. Kì í ṣe tábìlì ìjà. Ẹran dídín ń bẹ, bọ́ọ̀lù ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo wa la jọ mọ ara wa. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń ju káàdì nù. Ẹ gbé e sókè, èèyàn mẹ́rin á ní "mo fẹ́ rí i." Ẹ tún fi kún un, wọ́n á ní àwọn ṣì fẹ́ rí i.

Ẹ wo tàná. Éèsì méjì dé ọwọ́ mi, ti ṣípéèdì àti ti dáyámọ́ǹdì. Ẹni méjì ti fi $2 wọlé kó tó kàn mí, ni mo bá gbé e sí $8. Ẹni tó ní bọ́tìnnì (òun ló ń ṣe tirẹ̀ kẹ́yìn lẹ́yìn flop) bá mi, ẹni tó fi blind ńlá, $2, sílẹ̀ bá mi, àwọn méjì àkọ́kọ́ náà bá mi. $41 ti wà láàárín nìyẹn.

Flop (káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí a ṣí sílẹ̀): Jáàkì ọkàn, mẹ́sàn-án ọkàn, mẹ́rin kílọ́ọ̀bù. Gbogbo wọn ṣẹ́ẹ̀kì, wọn kò fi owó lé e, títí dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ní kí n má lé wọn sá, mo fi $10 sílẹ̀. Ẹni mẹ́ta bá mi.
Turn (káàdì kẹrin): mẹ́fà dáyámọ́ǹdì. Mo fi $20 sílẹ̀, ẹni méjì bá mi.
River (ìkarùn-ún, ìkẹyìn): méjì ṣípéèdì. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní blind ńlá, tí kò gbé owó sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìrọ̀lẹ́, ṣàdédé kó $90 sílẹ̀. Mo rò ó títí, mo ní bóyá wọ́n ń halẹ̀ ni, mo bá wọn. Mẹ́fà àti mẹ́rin ni wọ́n ṣí, pẹ̀lú ti ilẹ̀ ó di méjì-méjì lọ́nà méjì, ó borí Éèsì méjì mi. Mẹ́fà àti mẹ́rin!

Ìgbà kẹta nìyí láàárín oṣù kan tí Éèsì méjì ń pa mí lẹ́kún. Ṣé kí n máa fi pamọ́ ni, àbí kí n máa kó gbogbo owó mi sílẹ̀ kí flop tó dé?

Àdùkẹ́_Peckham (Àbámẹ́ta, 12:02 ọ̀sán)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bọ̀dá. Éèsì kọ́ ló jẹ owó yín. $10 yẹn ni.

Mo ti ń ta £1/£2 ní kàsínò níbí ní London láti bí ọdún mẹ́fà, irú àwọn èèyàn yín ló sì kún ibẹ̀ ní alẹ́ òpin ọ̀sẹ̀. Mo-fẹ́-rí-i ni mo ń pè wọ́n. Mo-fẹ́-rí-i kì í bínú sí owó ńlá, owó kékeré kì í sì í fà á mọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ. Káàdì tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀ nìkan ló ń wò. Tó bá ti rí nǹkan tó jọ nǹkan, ó ń bọ̀ lẹ́yìn yín, yálà $10 ni tàbí $30. Kí ló wá dé tí ẹ fi ń gba $10?

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀gbọ́n yẹn. Nígbà tó kàn wọ́n lórí flop, ẹni tó ní bọ́tìnnì ti bá yín, $61 ló wà nílẹ̀, $10 péré ni wọ́n sì ní láti san. Mẹ́rin méjì ni wọ́n ní. Káàdì márùn-ún ló lè tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe: mẹ́rin méjì tó kù àti mẹ́fà mẹ́ta. Nínú mọ́kàndínláàádọ́ta tí wọn kò rí, márùn-ún ni wọ́n ń wá. Bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́sàn-án ni ìyẹn á wọlé lórí turn, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún títí dé river. Ẹ̀yin lẹ ta ọjà fún wọn lẹ́dìn-ínwó, wọ́n wá tún gba $90 lé e. Ká ní $30 tàbí $35 lẹ fi sílẹ̀, wọn ì bá ṣì bá yín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ẹ̀yin ni ẹ ó kó owó náà lọ.

Kí flop tó dé ńkọ́? $8 lẹ́yìn ẹni méjì tó ti wọlé, ní irú tábìlì bẹ́ẹ̀, owó omi ni. $15 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí mẹ́rin bá ṣì ń bá yín, ẹ gbé e sí $20 nígbà míì. Ẹ máa gbé e lọ títí ẹ ó fi mọ iye tí ẹnì kan tàbí méjì péré á bá yín.

Èyí tó dùn mí jù ni $90 ìgbẹ̀yìn yẹn. Ẹni tí kò gbé owó sókè láti ìrọ̀lẹ́, tó wá jí gìrì lórí river? Ẹ gbà á gbọ́. Mo-fẹ́-rí-i kì í halẹ̀. Ẹ jù ú nù, kí ẹ sọ pé "ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n," kí ẹ mú ẹran kan.

Oníṣirò_Dallas (Àbámẹ́ta, 12:40 ọ̀sán)

Mo fara mọ́ Àǹtí Àdùkẹ́, àfi ibì kan. Wọ́n ní mọ́kàndínláàádọ́ta. Mẹ́tàdínláàádọ́ta ni: 52, yọ méjì ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yẹn, yọ mẹ́ta flop. Ìdáhùn wọn tọ̀nà bó ti wù kó rí, 5 nínú 47 jẹ́ nǹkan bíi 10.6%.

Àdùkẹ́_Peckham (Àbámẹ́ta, 12:44 ọ̀sán)

Ẹ ṣeun. Mo ń tẹ̀ ẹ́ nínú bọ́ọ̀sì ni.

Ọ̀ta_Olómi (Àbámẹ́ta, 2:15 ọ̀sán)

Èmi ò rí bẹ́ẹ̀ o. Brooklyn ni mo wà, tábìlì wa burú ju ti yín lọ. Mo ti ṣe $15, mo ti ṣe $25, márùn-ún ń bọ̀, mẹ́fà ń bọ̀. Nígbà tí flop bá ṣí fún èèyàn mẹ́fà, ẹnì kan ti rí méjì méjì, ẹnì kan ń wá flush (márùn-ún oríṣi kan náà, bí ọkàn márùn-ún), ẹnì kan ń wá straight (márùn-ún tó tẹ̀léra), Éèsì yín á wá dà bí arúgbó láàárín ọ̀dọ́. Ohun tí mò ń ṣe báyìí: tí Éèsì méjì bá ti dé, $200 ló ń lọ síwájú. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó wá fi $200 rí i. Ọ̀ta kì í bá ọ̀pẹ ta ayò bó ṣe ń bá ọ̀ta ẹgbẹ́ rẹ̀ ta á. Ẹ gé e kúrú.

Oníṣirò_Dallas (Àbámẹ́ta, 3:05 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n fi owó ṣe àlàyé rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ní 221 ni Éèsì méjì ń dé ọwọ́ èèyàn. Ní tábìlì tí a ń fọwọ́ pín káàdì, bí ọgbọ̀n ìgbà la lè pín in ní wákàtí kan. Ìyẹn ni pé kí ẹ jókòó wákàtí méje kí ẹ tó rí i lẹ́ẹ̀kan. Nínú àpẹẹrẹ Akọ̀wé, $7 ló wà nílẹ̀ kó tó kàn án. Ṣé ẹ ó wá dúró fún wákàtí méje nítorí $7? Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń fi Éèsì-mẹ́wàá àti Kíǹgì-Kúíìnì bá $200 yín ní Brooklyn, ẹ máa bá a lọ, n kò ní bá yín jiyàn, kódà ẹ júwe ojúlé ibẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ tábìlì, kódà Mo-fẹ́-rí-i mọ ìyàtọ̀ láàárín $20 àti $200.

Ẹ tún wo eléyìí. Éèsì méjì lójú ẹnì kan tó mú káàdì kákàdì: á borí rẹ̀ ní bíi 85%. Lójú ẹni méjì, 73%. Ẹni mẹ́ta, 64%. Ẹni mẹ́rin, 56%. Ẹni márùn-ún, 49%. Nígbà tí èèyàn bá rí i pé ó ti bọ́ sí 56%, ẹ̀rù á bà á. Kó má bà á. Bí ẹni mẹ́rin bá fi $15 bá yín, $75 ló wà nílẹ̀. 56% rẹ̀ jẹ́ $42, $15 péré lẹ sì fi wá a: èrè $27. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá bá yín, $30 ló wà nílẹ̀, 85% rẹ̀ jẹ́ $25.50, èrè $10.50. Ẹ ó máa pàdánù lemọ́lemọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ó sì máa lówó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá lè fara da méjèèjì pọ̀ kó lọ ta ludo.

Ọ̀ta_Olómi (Àbámẹ́ta, 3:31 ọ̀sán)

Ìṣirò yín dára, àbúrò. Ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé nǹkan kan. $42 yẹn jẹ́ tiwa bí gbogbo wa bá jókòó wo káàdì márààrún láìsí ẹni tó tún fi kọ́bọ̀ lé e. Ta ló ń ta á bẹ́ẹ̀? Lẹ́yìn flop, ẹni tó ti borí wa ń fi owó lé e, ẹni tí a borí ń sá. A ó san nígbà tí a bá pàdánù, a ò ní gbà tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá jẹ.

Oníṣirò_Dallas (Àbámẹ́ta, 3:50 ọ̀sán)

Òótọ́ ni, mo gbà. Lójú àwọn tó mọ ayò náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Lójú Mo-fẹ́-rí-i, òdìkejì rẹ̀ ni, torí ẹni tí a borí kò sá. Ó wà níbẹ̀, ó ń san. Èyí tó kù sọ́wọ́ wa ni kí àwa náà mọ ìgbà tí a ó sá. Ibẹ̀ ni $90 Akọ̀wé ti já bọ́.

Ọmọ_Ìlọrin (Àbámẹ́ta, 5:10 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kó owó yín lọ ra ilẹ̀ nílé. Tẹ́tẹ́ ni tẹ́tẹ́ ń jẹ́.

Ọ̀ta_Olómi (Àbámẹ́ta, 5:14 ìrọ̀lẹ́)

Ilẹ̀ tí mo rà nílé, ẹni mẹ́ta ni wọ́n ti tún un tà fún.

Ìyá_Oge (Àbámẹ́ta, 8:47 alẹ́)

Ẹ kúulé o. Orí fóònù ni mo ti ń ta tèmi, tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́fà, owó ṣẹ́nṣì. Ẹ má gbé gbogbo ọkàn lé Éèsì o jàre. Ní tábìlì àwọn Mo-fẹ́-rí-i, àwọn ìbejì kéékèèké ló ń bọ́ mi: méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, títí dé méje-méje. Ẹ bá wọn wọlé pẹ̀lú owó kékeré. Bí Ìdòwú bá tẹ̀lé wọn lórí flop, ẹ ti di mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó rí yín. Bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ló ń wá. Bí kò bá wá, ẹ jù ú nù, kò ju $2 lọ. Tó bá wá, ẹni tó ní Éèsì-Jáàkì, tó rí Jáàkì lórí flop, á san gbogbo owó ilé rẹ̀.

Irú ẹni tó ní Jáàkì bẹ́ẹ̀ náà ni Akọ̀wé ń bá pàdé tó bá ní Éèsì méjì. Òun gan-an ni oníbàárà wa. Ẹ má lé e.

Ọmọ_Ìlọrin (Àbámẹ́ta, 8:55 alẹ́)

Bí Àlàbá bá tẹ̀lé Ìdòwú ńkọ́?

Ìyá_Oge (Àbámẹ́ta, 8:58 alẹ́)

Ẹni tó ní ká lọ ra ilẹ̀, ẹ̀yin náà ń tẹ̀lé wa bọ̀ ṣá.

Àdùkẹ́_Peckham (Àbámẹ́ta, 10:30 alẹ́)

Ọ̀rọ̀ ìbejì yẹn dára, àmọ́ ẹ fi ààlà sí i. $2 láti wá Ìdòwú, kò burú rárá. Tí ẹlòmíì bá ti gbé e sí $15, ẹ wo owó tó wà níwájú ẹ̀yin àti òun. Tí $60 péré bá kù sílẹ̀ fún un, kò ní lè san àwọn ìgbà méje tí Ìdòwú kò wá padà fún yín. Mo máa ń fẹ́ kí owó tó wà lẹ́yìn tó ìlọ́po mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ohun tí mò ń san kí n tó dáwọ́ lé e.

Akọ̀wé_Houston (Àìkú, 2:20 ọ̀sán)

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni. Ìbéèrè méjì ló kù. Àkọ́kọ́: Kúíìnì méjì àti Éèsì-Kíǹgì ńkọ́, ṣé bákan náà la ń ta wọ́n? Ìkejì: bọ̀dá kan wà ní tábìlì wa tó yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Tó bá ti mu ìgò kejì, á máa gbé owó sókè láìtilẹ̀ wo káàdì. Òun kì í ní òun fẹ́ rí i. Ó fẹ́ kí a sá fún òun ni.

Bàbá_Yonkers (Àìkú, 4:05 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ta eléyìí. Kó tó di pé Chris Moneymaker, ọmọ Amẹ́ríkà kan, gba ife àgbáyé pókà (World Series of Poker) ní 2003, tí gbogbo ọmọdé inú kọ̀ǹpútà wá sáré wọlé, àwa ti ń ta á lẹ́yìn iṣẹ́ takisí.

Ti bọ̀dá onígò méjì ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló dùn. Àga ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ jókòó sí ọwọ́ òsì rẹ̀, kó jẹ́ pé òun á ti ṣe tirẹ̀ kó tó kàn yín. Tó bá gbé e sí $12, tí Éèsì méjì wà lọ́wọ́ yín, ẹ tún un gbé sí $40. Àwọn Mo-fẹ́-rí-i tó wà láàárín á jù ú nù, ẹ̀yin àti òun á sì kù. Láti ibẹ̀, ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ ṣẹ́ẹ̀kì. Irú rẹ̀ kò lè rí ìdákẹ́jẹ́ kó má pariwo sí i. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbé owó rẹ̀ wá fún yín. Mo-fẹ́-rí-i, ẹ fi owó lé e fún un. Aláriwo, ẹ jẹ́ kó fi owó lé e fúnra rẹ̀.

Àdùkẹ́_Peckham (Àìkú, 4:40 ìrọ̀lẹ́)

Bàbá, ẹ kú àgbà. Mo fara mọ́ ọn bó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì nìkan ló kù lóòótọ́. Bí Mo-fẹ́-rí-i kan bá ṣì wà láàárín wọn, tí ọkàn méjì sì wà lórí flop, kí Akọ̀wé má ṣẹ́ẹ̀kì o. Ẹni tó ń wá flush ní káàdì mẹ́sàn-án, ó tó 35% títí dé river. Bí aláriwo bá sinmi fún ìṣẹ́jú kan péré, Mo-fẹ́-rí-i ti rí turn lọ́fẹ̀ẹ́.

Bàbá_Yonkers (Àìkú, 4:52 ìrọ̀lẹ́)

O wí ire, ọmọ mi.

Oníṣirò_Dallas (Àìkú, 6:18 ìrọ̀lẹ́)

Ti Kúíìnì méjì àti Éèsì-Kíǹgì: kí flop tó dé, ẹ gbé owó wọn sókè bíi ti Éèsì. Lẹ́yìn flop, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá ní Kúíìnì méjì, Éèsì tàbí Kíǹgì á wà lórí flop ní bíi 41% ìgbà. Tí ẹ bá ní Kíǹgì méjì, Éèsì á wà níbẹ̀ ní bíi 23%. Mo-fẹ́-rí-i ò sì ní ju Éèsì kankan nù láyé, ìbáà ṣe Éèsì-mẹ́ta. Nítorí náà bí Éèsì bá yọjú sí Kúíìnì yín láàárín èèyàn mẹ́rin, ẹ fi owó kan lé e tí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá jí, ẹ sinmi.

Éèsì-Kíǹgì rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta ni yóò rí Éèsì tàbí Kíǹgì lórí flop. Ìgbà tí kò bá rí i, ẹ má ṣe halẹ̀ mọ́ èèyàn mẹ́rin. Ta lẹ fẹ́ lé? Àwọn tó ti sọ fún yín pé àwọn fẹ́ rí i?

Nǹkan kan tún kù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ káàdì. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n onílé kí wọ́n má yọ owó kankan láàárín fún ara wọn o, kódà owó ẹran. Òfin Texas ń dáàbò bo ẹni tó ń ta á ní ibi ìkọ̀kọ̀, bí kò bá sẹ́ni tó ń rí èrè níbẹ̀ ju ohun tó bá fi káàdì jẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn kílọ́ọ̀bù níbí fi ń gba owó ìjókòó ní wákàtí dípò kí wọ́n bù lára owó àárín. Ẹran, kí olúkúlùkù gbé tirẹ̀ wá.

Ìyá_Oge (Àìkú, 6:30 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ má sì ṣe kọ́ wọn ní ilé-ìwé ní tábìlì o! Mo mọ ẹnì kan, bó bá ti pàdánù báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún ẹni tó borí rẹ̀ pé mẹ́fà-mẹ́rin kò yẹ ní títa. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa ta mẹ́fà-mẹ́rin.

Akọ̀wé_Houston (Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, 10:05 àárọ̀)

Mo ti dé o.

Àkọ́kọ́ ná, Kúíìnì méjì. Mo gbé e sí $15, mẹ́ta bá mi. Flop: Éèsì, méje, méjì. Mo fi $25 sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n onímẹ́fà-mẹ́rin, àwọn náà ni o, gbé e sí $70. Ọwọ́ mi ń yún mi, ẹ gbà mí gbọ́. Mo jù ú nù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣí i hàn mí: Éèsì-mẹ́ta. Mo ní ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n, mo mú ẹran.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó di agogo méjìlá, Kíǹgì méjì dé. Mo ti fi owó kún tèmi pé $200. Ẹni méjì ti fi $2 wọlé. Mo gbé e sí $15, mẹ́ta bá mi, bíi $60 wà nílẹ̀. Flop: Kúíìnì kílọ́ọ̀bù, mẹ́jọ dáyámọ́ǹdì, mẹ́ta dáyámọ́ǹdì. Tẹ́lẹ̀, $15 ni ǹ bá fi sílẹ̀ níbẹ̀. Mo fi $45. Méjì bá mi bí ẹni pé mi ò sọ nǹkan kan! Turn jẹ́ méjì ṣípéèdì, kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. $140 ló kù níwájú mi, $195 ló wà nílẹ̀. Mo ti gbogbo rẹ̀ síwájú. Ẹni tó ń wá flush mí kanlẹ̀, ó jù ú nù. Ẹnì kejì wò mí, ó ní "mo fẹ́ rí i." Kúíìnì-mẹ́wàá ni. River mú méje dúdú wá. $475.

Bọ̀dá onígò méjì kò wá. Ìyàwó rẹ̀ ti rí owó kan tó kúrò ní báńkì.

Oníṣirò_Dallas (Àbámẹ́ta, 10:21 àárọ̀)

Ẹni tó ju flush nù lórí turn yẹn, bóyá kì í ṣe Mo-fẹ́-rí-i pátápátá. Ẹ sàmì sí i. $140 láti wá $335 pẹ̀lú káàdì mẹ́sàn-án àti river kan ṣoṣo, kò yẹ kó san án lóòótọ́. Ẹnì kan ń kọ́ ẹ̀kọ́ ní tábìlì yín.

Ọ̀ta_Olómi (Àbámẹ́ta, 10:40 àárọ̀)

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní àbúrò kan ní Katy, lẹ́bàá Houston yín níbẹ̀. Agogo mélòó lẹ máa ń pàdé ní ọjọ́ Ẹtì?

Akọ̀wé_Houston (Àbámẹ́ta, 10:43 àárọ̀)

Àga ti kún, ẹ̀gbọ́n.